Ẹ Má Jẹ́ Kí A Fi Owó Àjẹṣẹ́kù Wa Ra Ojú Ọ̀nà Omi

Láti ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn Aṣojú Òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka wa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ṣùgbọ́n ẹ dìbò yàn mí kí n lè máa sọ òótọ́ fún ọ̀gá. Bí n kò bá lè sọ òótọ́ kan náà fún ẹ̀yin tí ẹ yàn mí, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò yẹ mí.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mú ìròyìn ayọ̀ wá. Wọ́n ní ẹbí kan fẹ́ ta ọgbọ̀n púlọ́ọ̀tì fún wa lẹ́bàá Odò Ògùn, àti pé owó púlọ́ọ̀tì méjì níbẹ̀ kò tó owó ẹyọ kan lórí ilẹ̀ gíga. Gbogbo ilé hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onílé tó ń fi owó kún owó ilé lọ́dọọdún? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ bàtà iṣẹ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ fi ojú ara mi wo ilẹ̀ náà.

Inú oṣù Kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Gbogbo koríko tí mo rí lójú ọ̀nà ti gbẹ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú tutù yọ̀yọ̀. Ọmọ tí a bí sí abúlé kò ní í béèrè orúkọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkùrọ̀ ni. Kí ló mú kí àkùrọ̀ tutù nígbà tí ibi gbogbo gbẹ? Nítorí pé ibẹ̀ ni odò máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí ó bá kún. Mo rí ilé kan tí wọn kò kọ́ tán. Àmì ẹrẹ̀ wà lára ògiri rẹ̀ yíká, ó sì dé àyà mi. Mo kí ìyá àgbà kan tó ń já ẹ̀fọ́, mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni àmì yìí?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, padà wá ní oṣù Kẹwàá. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń kọjá níbi tí o dúró sí yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí ìyá náà sọ̀rọ̀. Ní 2010, inú yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ ni èmi, ìyàwó mi àti àkọ́bí wa ń gbé. Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdù ni mo ń wí, kì í ṣe ti Àpápá. Oṣù Kẹwàá ni. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. A sùn ní àlàáfíà. Ní òru, ìyàwó mi fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé orúnkún. Nígbà tí oòrùn yọ, a ti gbé ọmọ sórí, a ń wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyàwó mi fi ń jẹun rì sínú omi. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi ọdún mẹ́ta wá ní ilé-ìwé alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó di ẹ̀kọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni n kò lè dé ibi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà gé owó ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ní n kò gba ààyè. Aṣojú òṣìṣẹ́ wa jà títí, owó ọjọ́ méjì ni ó rí gbà padà fún mi. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé èmi náà yóò ṣe aṣojú òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ìgbà náà ni pé, níbo ni omi náà ti wá nígbà tí òjò kò rọ̀? Olùkọ́ jọ́gíráfì wa ní ilé-ìwé alẹ́ ti kọ́ wa bí a ṣe ń ka máàpù, ó sì ti fi ìlà tó ń sọ gíga ilẹ̀ hàn wá. Níbi tí ìlà wọ̀nyí bá ti fún mọ́ ara wọn, òkè ni. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà sí ara wọn, ilẹ̀ tẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo tún jókòó ti máàpù, ó yé mi. Odò Ògùn ti ìhà Ṣakí wá. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta, ó sì ń kó omi odò kéékèèké jọ bí agbowó òde títí ó fi dé ọ̀sà Èkó. Bí ó bá ti ń súnmọ́ Ìṣẹrí àti Ajégúnlẹ̀, ilẹ̀ tẹ́, odò kò lè sáré mọ́. Bí ọ̀sà bá sì kún níwájú rẹ̀, omi kò rí ibi lọ. Ó di dandan kó yà sí ẹ̀gbẹ́. Òjò tó rọ̀ sí orí òrùlé ará òkè ni ó ń rin ará Èkó lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí omíyalé tiwa fi máa ń dé ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí àwa ti ń sọ pé òjò ńlá oṣù Kẹfà ti kọjá lọ.

Ohun kejì ni dáàmù. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ Odò Ògùn kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Dáàmù tó wà lórí rẹ̀, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983, lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Iṣẹ́ rere ni. Omi rẹ̀ wà lára èyí tí Èkó àti Abẹ́òkúta ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ dáàmù, bí ó ti wù kí ẹni tó ń bójú tó o mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ẹni tó ń mu omi ń fẹ́ kí dáàmù kún dẹ́nu kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ń fẹ́ kí àyè ṣófo nínú rẹ̀ kí ó lè gba òjò oṣù Kẹsàn-án dúró. Ìránṣẹ́ kan, ọ̀gá méjì. Bí ó bá kún tán tí òjò kò sì dáwọ́ dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dáàmù fúnra rẹ̀ lè ya. A ti rí ohun tí yíya dáàmù ń ṣe ní oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya tí omi sì bo Maiduguri.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ta ni kò rántí, tàbí tí òbí rẹ̀ kò sọ fún un, nípa Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa jáde, ó pa ènìyàn tó lé ní 200. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kí 1980 tó dé. Ìkìlọ̀ wà, ilé ń pọ̀ sí i létí odò. Ní oṣù Kẹjọ 2011, omi tún kọlu Ìbàdàn, ó wó afárá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní 2012, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún papọ̀, ènìyàn tó lé ní 360 kú, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 2022, àwọn tó kú lé ní 600. Nígbà tí ilẹ̀ Kamẹrúùnù kọ́ dáàmù Lagdo sórí Bẹ́núé, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1982, ètò wà pé kí Nàìjíríà kọ́ tiwa sí Dasin Hausa ní Adamawa kí ó lè gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Ìkún omi 2022 dé, a kò tíì kọ́ ọ.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ìwádìí kò sí. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa ti wọn odò wọ̀nyí. Láti 2013 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń wọn omi odò, tí à ń pè ní NIHSA, ti ń gbé ìwé jáde lọ́dọọdún nípa ibi tí omi lè bò. Ṣùgbọ́n ìwé kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Inú yàrá ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, inú yàrá náà ni ó ń parí sí, láàárín àwọn tí omi kì í wọ ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Hóláńdì. Ilẹ̀ náà wà níbi tí odò Rhine àti Meuse ti pín ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ òkun. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1953, ìjì gbé òkun wọlé, ènìyàn 1,836 sì kú. Wọn kò fi ẹkún mọ ní ẹkún. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ odi àti ìlẹ̀kùn ńlá sí ẹnu òkun. Àwọn odò sì wà láàárín òkìtì gíga tí wọ́n mọ sí bèbè wọn. Wọ́n rò pé ó tán. Ní 1995, odò tún kún débi pé bí ènìyàn 250,000 ní láti kó jáde nílé pẹ̀lú màlúù wọn. Nígbà náà ni àwọn onímọ̀ wọn wí pé, "A kò lè máa gbé òkìtì ga sí i títí ayé. Bí òkìtì bá ti ń ga ni ewu ọjọ́ tí ó bá ya ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a dá àyè odò padà fún odò." Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn ní ibi tó lé ní 30. Ní ìlú Nijmegen, wọ́n fa òkìtì sẹ́yìn ní 350 mítà, wọ́n sì gbẹ́ odò kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí ilé àádọ́ta ni wọ́n wó, wọ́n sì san owó fún àwọn onílé kí wọ́n tó wó wọn.

Èyí tó wù mí jù lọ nínú ìtàn náà ni ti àwọn àgbẹ̀ kan níbi tí wọ́n ń pè ní Overdiepse Polder. Ìjọba fẹ́ kí omi máa gba orí oko wọn kọjá nígbà ìkún ńlá. Àwọn àgbẹ̀ kò jókòó kí wọ́n máa bú ìjọba, wọn kò sì dákẹ́ bí àgùntàn. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n mú ètò tiwọn wá. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ lọ gba owó kí wọ́n lọ, kí ìjọba sì mọ òkìtì gíga fún àwọn tó fẹ́ dúró, kí ilé àti màlúù wọn lè wà lórí rẹ̀. Ìjọba gbà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, kí ni à ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ wa? Ìdúnàádúrà ni! Ó sì rọrùn fún wọn nítorí pé ó ti ju 700 ọdún lọ tí ará ilẹ̀ náà ti ń dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀. Títí di òní wọ́n ń dìbò yan àwọn tó ń bójú tó omi, wọ́n sì ń san owó orí fún iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń sanwó ń béèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe.

Mo mọ̀ pé Hóláńdì lówó ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Èkíní, odò ní ilẹ̀ tirẹ̀, bí a tilẹ̀ rí i tí ó gbẹ. Èkejì, ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣètò omi.

Àgbà òṣìṣẹ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kántíìnì nígbà tí ó gbọ́ pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ìwọ yìí, níbo lo fẹ́ kí tálákà gbé? Ṣé àwọn olówó kò da yẹpẹ̀ sínú omi Èkó, tí wọ́n sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí? Àwa náà yóò da yẹpẹ̀ tiwa." Bàbá, ẹ ṣeun, ìbéèrè òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ti ń ṣírò owó óvátáìmù.

Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Àmì ẹrẹ̀ tí mo rí lára ògiri dé bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ kún púlọ́ọ̀tì kan dé ibẹ̀, yẹpẹ̀ tó tó 815 kúbíìkì mítà ni a óò dà sí i. Bí típà kan bá gbé kúbíìkì mítà mẹ́wàá, ó lé ní 80 típà fún púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Fún ọgbọ̀n púlọ́ọ̀tì, ó lé ní 2,400 típà. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta típà yẹpẹ̀ kan lónìí, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ilẹ̀ náà ṣì pọ́ọ́kú. A kò sì tíì ra búlọ́ọ̀kù kan. Gbogbo owó yìí, kí a lè ba ojú omi dọ́gba lásán ni.

Bí a bá tilẹ̀ rí owó náà, ìbéèrè mìíràn wà. Omi tó lé ní 24,000 kúbíìkì mítà tí ì bá dúró lórí ọgbọ̀n púlọ́ọ̀tì wọ̀nyí, níbo ni yóò lọ? Kò ní í gòkè re ọ̀run. Ilé aládùúgbò ni yóò wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò náà, òṣìṣẹ́ bí tiwa ni wọ́n, a sì ní ọmọ ẹgbẹ́ wa láàárín wọn. Olówó tó da yẹpẹ̀ sínú omi ti omi sí ẹ̀yìn tálákà. Ṣé àwa náà yóò wá ti omi sí ẹ̀yìn ara wa? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tó kọ́lé sí ojú ọ̀nà àgbàrá, kí ni yóò fi dá a dúró?

N kò bá àwọn tó ń sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tó ń gbé etídò pa ohùn pọ̀. Owó oṣù kékeré àti owó ilé gọbọi ni ó ń lé òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kó ẹnikẹ́ni kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ibi tó ń lọ hàn án, kí wọ́n sì san owó ilé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Nijmegen. Katapílà kì í ṣe ètò ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ìyà ti lé débẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ tó ní owó lọ́wọ́, tó ní ọgbọ́n, tó ṣì ní àyè láti yàn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń gbé ka iwájú ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀.

Èkíní: kí ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù má ṣe san owó ìdúró kankan lórí ilẹ̀ náà. Kí wọ́n gba sọ̀fíyọ̀ kí ó wọn gíga ilẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú bóyá ilẹ̀ ilé ni. Láti ìsinsìnyí lọ, ilẹ̀ yòówù tí a bá fẹ́ rà, oṣù Kẹwàá ni kí a lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í sọ òótọ́ nípa ilẹ̀.

Èkejì: bí owó wa kò bá tó púlọ́ọ̀tì ọgbọ̀n lórí ilẹ̀ gíga, kí a ra mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, kí a sì kọ́lé tó fara ti ara wọn. Ilé kékeré tí a sùn sí di òwúrọ̀ sàn ju ilé ńlá tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí akọ̀wé ẹ̀ka wa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀, kí gbogbo wa jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ní aṣojú nínú ìjókòó tó ń pinnu ìgbà tí a óò tú omi dáàmù sílẹ̀. Kí ìkéde rẹ̀ sì máa dé ọ̀dọ̀ wa ní Yorùbá, lórí rédíò àti lórí fóònù, kí omi tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: nínú àdéhùn tuntun tí a óò bá àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ wa ṣe, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ gé owó ọjọ́ tí omi bá dí ọ̀nà òṣìṣẹ́. Ẹni tí omi gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù owó oṣù mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ya àwòrán ilé sínú ìwé, mo sì mọ̀ pé n óò gbọ́ èébú díẹ̀ ní ẹnu géètì. Ẹ bú mi nísinsìnyí, ó sàn kí ẹ bú mi ní oṣù Kìíní ju kí ẹ máa wá mi ní oṣù Kẹwàá pẹ̀lú ọmọ lórí. Owó àjẹṣẹ́kù yìí, lára oúnjẹ ọmọ wa ni a ti yọ ọ́. Odò Ògùn kò bá wa ṣọ̀tá. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń lò. Ẹ jẹ́ kí a wá tiwa.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́. Ó di ojú ìpàdé o.